Kíkó Ìsọ̀ Ohun Àtijọ́ Lọ sí Ilé Àtijọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ yìí bá oníṣòwò ohun àtijọ́ mu ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, nítorí pé láti inú ilé àwọn baba ńlá ni ọjà rẹ̀ ti jáde wá: ère, àpótí, ìlù, ọ̀pá, igbá fínfín, fìtílà, àti irú wọn gbogbo.

Ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ gba ilẹ̀ Afíjió kọjá. Àwọn èrò ọkọ̀ a máa dúró ní Fìdítì láti ra èso, wọn a sì máa wo ohun mìíràn tí a bá pàtẹ síwájú wọn. Nítorí náà, ẹ̀bá ọ̀nà dára fún ọjà títà. Ṣùgbọ́n eruku, oòrùn àti olè kò jẹ́ kí ó dára fún ohun àtijọ́, bí a bá sì fẹ́ mú ọ̀nà fẹ̀ sí i, àwọn ìsọ̀ tí ó wà létí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kúrò. Kò yani lẹ́nu bí oníṣòwò bá yí ojú sí inú ìlú, tí ó rí ilé alámọ̀ kan ní Ìlọrá tàbí ní Fìdítì tí kò sí ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ mọ́, tí ó sì pinnu láti tún un ṣe, kí yàrá iwájú di ìsọ̀, kí àwọn yàrá ẹ̀yìn sì di ibùgbé òun àti ìdílé rẹ̀.

Èrò rere ni èyí. Ògiri amọ̀ tí a mọ dáradára a máa pẹ́ ju ẹni tí ó mọ ọ́n lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà níbẹ̀: ẹrù kíkó ní apá kan, ilé títúnṣe ní apá kejì. Wọn a máa fi ìṣọ́ra kó ẹrù, wọn a sì fi ìkánjú wó ilé. Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀kan náà ni iṣẹ́ méjèèjì. Ilé àtijọ́ fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ohun àtijọ́ tí ó níye lórí ju gbogbo ohun tí ó wà nínú ìsọ̀ lọ.

1. OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Ní ọdún 1953 ni ìjọba Nàìjíríà ṣe òfin ńlá àkọ́kọ́ lórí ohun àtijọ́. Ní 1974, a mú òfin náà le sí i. Ní 1979, a ṣe òfin mìíràn tí ó dá Àjọ ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀, èyí tí ń bójú tó àwọn mùsíọ́ọ̀mù àti àwọn ohun ìrántí ilẹ̀ yìí. Òfin 1979 yìí ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Òfin náà kò fi ọ̀rọ̀ sínú òkùnkùn. Ó ní iṣẹ́ ọnà tàbí iṣẹ́ ọwọ́ tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ yìí, tí a sì ṣe ṣáájú ọdún 1918, ohun àtijọ́ ni. Bí a tilẹ̀ ṣe é lẹ́yìn 1918, bí a bá ti lò ó rí nínú ètò ìbílẹ̀ bí ọdún òrìṣà tàbí egúngún, tí ó sì níye lórí nípa ìtàn tàbí ọnà, ohun àtijọ́ ni pẹ̀lú. Òfin dárúkọ ère, agọ̀ ojú, ọ̀pá, ìlù, ohun ọ̀ṣọ́, ohun ìjà àti ohun èlò ilé. Ó sì dárúkọ nǹkan méjì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí: òpó ilé àti ilẹ̀kùn.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ra irú nǹkan wọ̀nyí bí kò ṣe Àjọ náà tàbí aṣojú tí Àjọ fún ní ìwé àṣẹ. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbé wọn kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé ìyọ̀ǹda. Àìmọ̀ òfin kì í ṣe àwíjàre.

Kí ni oníṣòwò lè tà nígbà náà? Ó pọ̀. Giramafóònù àtijọ́, aago ògiri, ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́, fìtílà òkèèrè àti àwo tánganran kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ yìí, nítorí náà wọn kò sí lábẹ́ òfin yìí. Igbá tí àwọn afíngbá Ọ̀yọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fín àti ère tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ fún títà kò ní ìdènà. Ọjọ́ ìkẹ́rù ni ọjọ́ tí ó dára jù lọ láti pín ọjà sí ọ̀nà méjì yìí, nítorí pé ọjọ́ náà ni gbogbo nǹkan ń gba ọwọ́ olówó wọn kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá ṣe é ní iyèméjì, kí ó yà á sọ́tọ̀, kí ó sì fi han òṣìṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù kí ó tó pàtẹ rẹ̀.

2. BÍ A TI Ń KÓ ẸRÙ

Kí a tó gbé ohunkóhun kúrò nílẹ̀, kí a kọ ọ́ sínú ìwé. Kí a fún un ní nọ́ńbà, kí a kọ bí ó ti rí, gígùn rẹ̀, ọgbẹ́ tí ó wà lára rẹ̀, ọwọ́ ẹni tí a ti rà á, àti ọjọ́ tí a rà á. Kí a ya fọ́tò rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Fóònù tí ọ̀pọ̀ ń lò lónìí tó fún iṣẹ́ yìí. Kí a kọ nọ́ńbà náà sórí bébà kékeré, kí a fi òwú so ó mọ́ ọn. A kò gbọdọ̀ fi ọ̀dà kọ ọ́ sára rẹ̀. Bí olè bá jà, ìwé àti fọ́tò yìí ni ọlọ́pàá yóò fi wá a. Ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ yóò kàn máa ṣàpèjúwe ère lásán ni.

Ẹ má ṣe gbé ère ní ọrùn tàbí ní apá; ìsàlẹ̀ ni kí a ti gbé e, kí ọwọ́ kejì sì dì í mú. Kí a fi aṣọ gbígbẹ tí ó rọ̀ wé e, kí ohun tí ó wúwo wà nísàlẹ̀, kí èyí tí ó fúyẹ́ wà lókè. Ohun tí a fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe kò gbọdọ̀ rọ̀ dirodiro, nítorí pé òwú rẹ̀ ti gbó.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé, bí a bá fẹ́ ṣí ìsọ̀ tuntun, a fẹ́ kí ọjà máa dán. Àwọn kan a máa fi ọṣẹ fọ ère, wọn a fi iyanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó idẹ, wọn a sì fi ọ́ìlì ọkọ̀ pa igi lára. Ìbàjẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwọ̀ tí ọjọ́ orí fi sára igi àti idẹ ni ẹ̀rí pé wọ́n ti pẹ́ láyé. Ẹni tí ó bó o dànù ti bó iye owó rẹ̀ dànù pẹ̀lú. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí a fi gbá eruku kúrò ti tó.

Kí a yẹ gbogbo igi wò. Bí ìyẹ̀fun tuntun bá ń dà sílẹ̀ láti inú ihò kéékèèké ara rẹ̀, kòkòrò ń bẹ nínú rẹ̀. Kí a yà á sọ́tọ̀, kí ó má ṣe ran àwọn yòókù àti òrùlé ilé tuntun náà.

3. TA NI Ó NI ILÉ?

Ọ̀pọ̀ ilé alámọ̀ ní àwọn ìlú Afíjió ni ó jẹ́ ilé ẹbí. Gẹ́gẹ́ bí òfin ìbílẹ̀ Yorùbá, tí ilé ẹjọ́ sì ti fi ọwọ́ sí, ọmọ ẹbí tí ó bá fi owó ara rẹ̀ tún ilé ẹbí ṣe kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di oní-ilé. Ilé ẹbí ni ilé ẹbí ń jẹ́, bí a tilẹ̀ fi páànù tuntun bò ó. Bí àjèjì ni ó bá sì fẹ́ rà á, olórí ẹbí kò gbọdọ̀ dá tà á, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹbí kò gbọdọ̀ tà á lẹ́yìn olórí ẹbí.

Nítorí náà, kí amọ̀ kan tó jábọ́ lára ògiri, kí ẹbí jókòó. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé pé iye ọdún báyìí ni oníṣòwò yóò fi gbé ibẹ̀, pé iye owó báyìí ni yóò ná, àti bí a ó ti ṣe é bí ó bá kú tàbí bí ó bá kó jáde. Kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, kí ó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ láti bèèrè irú ìwé àṣẹ tí a ń gbà kí a tó sọ ilé gbígbé di ibi ìtajà. Ọ̀pọ̀ ìjà ẹbí ni kì bá tí ṣẹlẹ̀ bí a bá ti kọ ìwé kí a tó po sìmẹ́ǹtì.

4. ÀTÚNṢE ILÉ ALÁMỌ̀

Ilé rere ni ààbò àkọ́kọ́ fún ohun àtijọ́. Ní Ẹ̀sìẹ́, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, ilé tí a kọ́ fún àwọn ère òkúta ìlú náà ni ó di mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 1945. Ilé tí yóò ṣọ́ ọjà oníṣòwò gbọdọ̀ kọ́kọ́ lè ṣọ́ ara rẹ̀.

Ìpele ìpele ni a ń mọ ilé alámọ̀. A ó tẹ amọ̀, a ó mọ ìpele kan yí ilé ká, a ó jẹ́ kí ó gbẹ, kí a tó gbé òmíràn lé e. Ògiri bẹ́ẹ̀ lágbára láti ru ẹrù, ṣùgbọ́n omi ni ọ̀tá rẹ̀. Nítorí náà, òrùlé ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe. Kí etí páànù yọ síta dáradára, kí omi òjò má ṣe ta sára ògiri. Lẹ́yìn òrùlé, kí a wá sí ìdí ògiri. Bí òjò bá ti gbá ìdí ilé jẹ, kí a fi amọ̀ bí ti àtijọ́ dí i, kí a sì la ojú àgbàrá kí omi lè jìnnà sí ilé. Ibi ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò gbọdọ̀ fara ti ògiri amọ̀.

Ọ̀pọ̀ mọlémọlé yóò ní kí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ògiri. Yóò dán lójú fún ọdún díẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ ń mí: omi tí ó bá wọ inú rẹ̀ ń gba ara rẹ̀ jáde. Bí sìmẹ́ǹtì bá bò ó, omi yóò há sínú, amọ̀ yóò rọ̀ láìsí ẹni tí ó rí i, sìmẹ́ǹtì yóò sì wó lulẹ̀ pẹ̀lú ògiri tí ó lẹ̀ mọ́. Amọ̀ ni kí a fi rẹ́ amọ̀, kí a sì máa tún un rẹ́ bí ó bá ti ń ṣí.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Kí a fi pẹ́ńsù sàmì sí òpin ìlà tí ó bá là, kí a kọ ọjọ́ sí i. Bí ó bá kọjá àmì náà lẹ́yìn òjò kan, ìpìlẹ̀ ń rì, kí a pe ọ̀jáfáfá. Bí a bá sì fẹ́ fẹ ẹnu ọ̀nà fún ìsọ̀, kí a kọ́kọ́ fi igi ti òkè ró, kí a gbé àtẹ́rígbà tuntun sí i, kí a tó gé ògiri nísàlẹ̀. Ẹni tí ó gé ògiri kí ó tó ti òkè ró ń pe ilé lé ara rẹ̀ lórí.

Kí ilẹ̀kùn tí ó ní kọ́kọ́rọ́ wà láàrin ìsọ̀ àti ibùgbé. Kí iná ìdáná jìnnà sí ọjà. Kí pákó ìgbẹ́rùsí ga kúrò nílẹ̀ nítorí ikán, kí ó sì ya ògiri díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè kọjá.

5. ÒPÓ, ILẸ̀KÙN ÀTI ILẸ̀

Ibí ni ìsọ̀ àti ilé ti pàdé. Ní ààfin Ọ̀gọ̀gà ní Ìkẹ́rẹ́, gbẹ́nàgbẹ́nà ńlá nì, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan ṣáájú ọdún 1918. Ní 1924, a gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ibi ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Kò padà mọ́. Mùsíọ́ọ̀mù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á, wọ́n sì fi àga ọba tí a ṣe ní ilẹ̀ wọn ṣe pàṣípààrọ̀. Ilẹ̀kùn ilé lásán ni lójú ẹni tí kò mọ̀. Lónìí, àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Nítorí náà, bí káfíńtà bá fẹ́ yọ ilẹ̀kùn tàbí òpó tí ó ní ọnà, kí oní-ilé dá a dúró. Kò gbọdọ̀ di igi ìdáná, kò sì gbọdọ̀ di ọjà nínú ìsọ̀. Kí ó dúró sí àyè rẹ̀, kí a sì pe òṣìṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù wá wò ó.

Ilẹ̀ pẹ̀lú ní ohun tí ó mọ̀. Ní ọdún 1938, àwọn tí ń gbẹ́ ilẹ̀ láti kọ́lé ní agbo-ilé Wúnmọ́níje ní Ilé-Ifẹ̀ kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń ròyìn lónìí. Méjì nínú wọn bọ́ sí ọwọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, ó sì dá wọn padà ní 1950. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó jáde lọ ni ó ní irú ìpadàbọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọkọ́ rẹ̀ bá kan ohun àjèjì ní ìpìlẹ̀, kí ó dá iṣẹ́ dúró, kí ó má ṣe hú u, kí ó fi tó ọba ìlú àti ìjọba ìbílẹ̀ létí.

Orúkọ nìkan kò sì lè gba ilé là. Ilé Ilọ́jọ̀ ní Èkó, tí a kọ́ ní nǹkan bí 1855, tí ìjọba sì kéde gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, wó lulẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ awólé ní 2016. Iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni ó pa iṣẹ́ ọgọ́jọ ọdún rẹ́. Ilé tí ènìyàn ń gbé inú rẹ̀, tí ó ń tún òrùlé rẹ̀ ṣe lọ́dọọdún, ni ó ń pẹ́.

Oníṣòwò tí ó bá tẹ̀lé ọ̀nà yìí yóò ní ìsọ̀ tí òfin kò lè tì, àti ibùgbé tí òjò kò lè wó. Bí oníbàárà bá sì bi í pé èwo ni ó dàgbà jù lọ nínú ọjà rẹ̀, yóò lè gbé ọwọ́ lé ògiri, kí ó sì sọ pé èyí kì í ṣe títà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Irú nǹkan wo ni oníṣòwò lè tà láìgba àṣẹ, èwo ni kò gbọdọ̀ tà fún oníbàárà lásán?
2. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ògiri amọ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́?
3. Àwọn òpó àti ilẹ̀kùn ọlọ́nà wo ni ó kù ní agbo-ilé yín? Ta ni ó ń tọ́jú wọn?