Ta Ni ‘Mo’ Inú Orin? Bí Ice-T Ṣe Di Ọlọ́pàá Tó Ń Jẹ́ Tutuola

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti gboyè jáde, orúkọ kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí: Odafin Tutuola. Kì í ṣe bàbá kan ní Abẹ́òkúta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, nínú eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Law & Order: Special Victims Unit. Láti ọdún 2000 ni Ice-T, olórin ráàpù, ti ń ṣe ẹ̀dá-ìtàn yìí. Orúkọ kejì jẹ́ orúkọ Yorùbá pọ́ńbélé, òun náà ni Amos Tutùọlá tó kọ The Palm-Wine Drinkard ń jẹ́. Èyí àkọ́kọ́ sì jọ oyè Ọ̀dọ̀fin wa. Ẹni tí orúkọ orin rẹ̀ jẹ́ yìnyín, wọ́n wá fún un ní orúkọ tí ‘tutù’ wà nínú rẹ̀. Bóyá àwọn tó kọ eré náà mọ̀ o, bóyá wọn ò mọ̀, Yorùbá tó bá gbọ́ ọ á rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kọ́ ni mo bá wá. Ọdún mẹ́jọ péré ṣáájú kí Ice-T tó gba báàjì Tutuola, àwọn ọlọ́pàá gidi ló ń bá a jà.

Ìjà ọdún 1992

Ní 1992, Body Count, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tí Ice-T dá sílẹ̀, gbé àwo àkọ́kọ́ wọn jáde. Orin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ ‘Cop Killer’. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú orin náà ni ẹnì kan tí ìwà ìkà àwọn ọlọ́pàá ti sú, tó sì ní òun máa gbẹ̀san. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́pàá kan ní Texas ní kí aráàlú má ra ọjà Time Warner mọ́, nítorí pé abẹ́ ilé-iṣẹ́ yẹn ni àwo náà ti jáde. Ààrẹ George Bush àti igbákejì rẹ̀, Dan Quayle, bẹnu àtẹ́ lu orin náà. Ní oṣù Keje, Charlton Heston, gbajúmọ̀ òṣèré fíìmù, dìde níbi ìpàdé àwọn tó ní ìpín ìdókòwò nínú Time Warner, ó sì ka ọ̀rọ̀ orin náà sókè ketekete. Kí oṣù náà tó parí, Ice-T ní kí wọ́n yọ orin náà kúrò nínú àwo. Nígbà tó di 1993, òun àti ilé-iṣẹ́ náà ti pínyà.

Báwo wá ni ẹni yẹn ṣe di ọlọ́pàá tí ìdílé ń jókòó wò lálaalẹ́? Ìdáhùn tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé ó ti yí padà, pé ó ti dàgbà. Ìdáhùn yìí kò bá ìtàn mu. Ní 1991, ọdún kan kí ‘Cop Killer’ tó jáde, Ice-T ti ṣe ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nínú fíìmù New Jack City. Body Count náà kò sì kógbá wọlé: wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy ní 2021, nígbà tí Tutuola ṣì ń mú ọ̀daràn lórí tẹlifíṣọ̀n. Iṣẹ́ méjèèjì ló ń lọ pọ̀. Ohun tí mo rò pé ó yàtọ̀ ni ohun tí àwa olùgbọ́ ń ṣe sí ọ̀rọ̀ kékeré kan: ‘mo’.

‘Mo’ ju ẹnì kan lọ

A ti kọ́ ọ láti 100 Level pé ‘mo’ jẹ́ arọ́pò-orúkọ ẹni kìíní ẹyọ, pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló ń tọ́ka sí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni ‘ẹni tó ń sọ̀rọ̀’? Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ‘Footing’ tó jáde ní 1979, Erving Goffman fi hàn pé ipò mẹ́ta ló wà nínú ẹni yẹn. Èkíní ni ẹni tó ń fọhùn, tí ọ̀rọ̀ ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Èkejì ni ẹni tó to ọ̀rọ̀ pọ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹni tó ni ọ̀rọ̀, ìyẹn ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún èrò rẹ̀, tó sì máa dáhùn fún un.

Ẹ wo ibi ìdána. Àbúrò ìyàwó ló máa ń ka lẹ́tà ìtọrọ tí wọ́n gbé wá láti ilé ọkọ. Ohùn rẹ̀ la ń gbọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó ń tẹ káàdì ló to ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ìdílé ọkọ ló ni ọ̀rọ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin náà bá kà á pé ‘a wá tọrọ òdòdó kan nínú ọgbà yín’, kò sí ẹni tó máa bi í pé ṣé òun náà ń wá ìyàwó ni. Gbogbo èèyàn mọ ipò tó wà.

Ẹ wá fi èyí wo Heston. Ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń torí ẹ̀ bá Ice-T jà ló ti ẹnu rẹ̀ jáde, pẹ̀lú ‘mo’ inú rẹ̀. Kò sí ẹni tó rò pé ó fẹ́ pa ọlọ́pàá. Heston yìí náà ló ṣe Mósè nínú The Ten Commandments ní 1956, kò sì sí ẹni tó ní kó wá pín òkun níyà. Ice-T náà ṣàlàyé títí pé ẹ̀dá-ìtàn kan lòun ń fọhùn fún nínú orin náà. Àwọn tó ń bínú kò gbà. Lójú wọn, ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ẹyọ kan.

Tẹlifíṣọ̀n ló tún yà wọ́n sọ́tọ̀. Orúkọ àwọn tó kọ eré wà lójú ìwòran, Ice-T ń fọhùn, Tutuola ló ni ọ̀rọ̀. Nínú orin, orúkọ kan ṣoṣo ló hàn lórí àwo.

Àwọn olórin náà lọ́wọ́ sí i

Ẹ má jẹ́ ká ti gbogbo ẹ̀bi sọ́dọ̀ olùgbọ́. Olórin ráàpù fúnra rẹ̀ máa ń fọ́nnu pé ohun tójú òun rí lòun ń sọ. Ọjà tó ń tà nìyẹn. Síbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ‘mo’ inú ráàpù ti jẹ́ ẹ̀wù tí ẹlòmíràn lè wọ̀. Ní 1987, Eazy-E kọ ‘Boyz-n-the-Hood’ bí ẹni ń sọ ìtàn ayé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n Ice Cube ló to ọ̀rọ̀ orin náà. Ice Cube tí à ń wí yìí, láàárín àsìkò yẹn náà ló lọ sí Phoenix ní Arizona láti kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé.

Ní 1988, N.W.A. gbé Straight Outta Compton jáde, orin kan sì wà níbẹ̀ tó bu àwọn ọlọ́pàá débi pé òṣìṣẹ́ FBI kan kọ lẹ́tà ẹ̀hónú sí Priority Records ní 1989. Ní 1991, Ice Cube ṣe Doughboy nínú fíìmù Boyz n the Hood. Ó bá wọn kọ Friday ní 1995, ó ṣe Are We There Yet? fún tọmọdé tàgbà ní 2005. Nígbà tó fi máa di 2012, ó ti di ọ̀gá ọlọ́pàá nínú 21 Jump Street. Ìwo ojú tó le yẹn àti ohùn tó ń gbó bí ajá yẹn, òun náà ló lò nínú N.W.A. Ìbẹ̀rù la fi ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín ló ń pa wá báyìí.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti di ẹjọ́

Bí ó bá jẹ́ eré ìdárayá nìkan ni, mi ò ní yọ ẹ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ní ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ń ka ọ̀rọ̀ orin ráàpù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé olórin hùwà ọ̀daràn. Ní oṣù kọkànlá 2023, adájọ́ kan ní Fulton County ní Georgia gbà kí wọ́n lo àwọn ọ̀rọ̀ orin kan nínú ẹjọ́ Young Thug, bí wọ́n bá lè fi hàn pé wọ́n kan ẹ̀sùn náà. (Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gbà pé òun jẹ̀bi àwọn ẹ̀sùn kan, wọ́n sì tú u sílẹ̀ sábẹ́ àbójútó.) Ní 2022, California ṣe òfin tó ní kí adájọ́ kọ́kọ́ gbé e yẹ̀ wò bóyá iṣẹ́ ọnà kan jọ ẹ̀sùn ní pàtó, tàbí ó ní àlàyé tí aráàlú kò lè mọ̀, kó tó gbà á wọlé.

Ìbéèrè gírámà tiwa ni òfin yẹn ń béèrè: ta ni ‘mo’? Ice-T àti Ice Cube ti rí ibi tí gbogbo ayé ti gbà pé eré ni wọ́n ń ṣe. Ọmọ ogún ọdún tí kò tíì rí fíìmù ṣe, tí orin rẹ̀ kò kọjá àdúgbò, kò ní ibi bẹ́ẹ̀. Lójú ilé ẹjọ́, ìjẹ́wọ́ ni ‘mo’ tirẹ̀.

Àwọn baba wa mọ̀ nípa èyí. Nílẹ̀ Kétu, lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀ tó ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹni tó gbé agọ̀ lè fi orin bu ẹnikẹ́ni tó hùwà ìbàjẹ́, wọn ò sì ní mú un. Ọba kì í pa ọ̀kọrin. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ kì í dunni. Ẹyin lohùn, ìyàwó ọlọ́pàá tó gbọ́ ‘Cop Killer’ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bíbínú sí ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí fífi ọ̀rọ̀ ti èèyàn mọ́lé.

Ẹ gbìyànjú èyí lórí orin ráàpù kan tí ẹ fẹ́ràn, ì báà jẹ́ ti Yorùbá. Níbi tí ẹ bá ti gbọ́ ‘mo’, ẹ béèrè: ta ló ń fọhùn, ta ló to ọ̀rọ̀, ta ló ni ín? Níbi tí olórin bá sì ti sọ pé ‘èmi’, tó lo arọ́pò-afarajorúkọ láti tẹnu mọ́ ara rẹ̀, ẹ tún un béèrè dáadáa. Ibẹ̀ gan-an ni agọ̀ ti máa ń nípọn jù.