Ẹ̀kọ́ Nípa Òwò Irè Oko: Láti Oko dé Èbúté Èrò

Ibi tí ààfin Ọba Èkó dúró sí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, oko ata ni ní ayé àtijọ́. Ìtàn àwọn àgbà sọ pé Arómirẹ́ ni ó ni oko náà, àti pé láti ara oko ata yìí ni Ìgá Ìdúngànràn ti gba orúkọ rẹ̀. Lónìí, ẹni tí ó bá rìn láti Ìdúmọ̀tà dé Èbúté Èrò kò ní rí ebè kan ṣoṣo. Síbẹ̀ kò sí ọjọ́ tí a kì í rí ata rà níbẹ̀, tàbí gàrí, tàbí ẹ̀wà, tàbí iṣu. Erékùṣù tí kò gbin ohunkóhun ni ó ń jẹ ohun gbogbo.

Ta ni ó ń gbé oúnjẹ wọ̀nyí wá? Ta ni ó ń pinnu iye tí a óò tà wọ́n? Kí sì ni ìdí rẹ̀ tí iye tí àgbẹ̀ gbà ní oko fi jìnnà sí iye tí onílé san ní Èkó? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ti dá ìjà sílẹ̀ láàrin àgbẹ̀ àti alájàpá láti ìgbà pípẹ́ wá. Ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ ní yunifásítì nípa òwò irè oko, àwọn gan-an ni ó ń wá ìdáhùn sí.

IRÚ Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó JẸ́

Bàbá kan lè wí pé, “Kí ni ọmọ mi fẹ́ lọ kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì, nígbà tí mo ti mọ̀ ọ́n ṣe láìka ìwé?” Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni iṣẹ́ àgbẹ̀: èkíní ni kí irúgbìn so, èkejì ni kí ohun tí ó so mú owó wọlé. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó mọ ti èkíní dáradára, tí èkejì sì ń sọ wọ́n di olùṣelásán lọ́dọọdún.

Yunifásítì Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1948 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí. Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, tí ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 1962, ń kọ́ ọ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ náà ni yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1988. Ọdún 5 ni a fi ń gba oyè nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọdún kẹrin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a fi yàrá ẹ̀kọ́ sílẹ̀, wọn a sì máa ṣe iṣẹ́ oko fúnra wọn, nítorí a ti rí i pé ẹni tí kò di ọkọ́ mú rí kò lè ṣírò owó ebè.

Lára ohun tí wọ́n ń kọ́ ni ìwọ̀nyí: bí a ti ń ka iye tí a ná sórí oko, títí kan iṣẹ́ ọwọ́ ẹni, ọ̀nà tí irè ń gbà dé ọwọ́ ẹni tí yóò jẹ ẹ́, ìgbà ọ̀pọ̀ àti ìgbà ọ̀wọ́n, bí a ti ń tọ́jú irè kí ó má bà jẹ́, òṣùwọ̀n àti yíyan èyí tí ó dára sọ́tọ̀, owó yíyá àti èlé rẹ̀, àti bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti ń ṣiṣẹ́.

ÌṢÍRÒ ÀGBẸ̀ KAN

Ẹ jẹ́ kí àpẹẹrẹ kan fi èyí hàn. Iye owó inú rẹ̀ kì í ṣe ti ọjà kan pàtó; a mú un fún ìṣírò lásán ni.

Àgbẹ̀ kan ní agbègbè Ìjẹ̀bú yan gàrí àpò 10. Alájàpá wá bá a ní oko, ó sì fún un ní ₦30,000 lórí àpò kọ̀ọ̀kan, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦300,000. Àgbẹ̀ náà ti gbọ́ pé ₦34,000 ni a ń ta àpò kan ní Èbúté Èrò. Inú bí i, ó ní, “Olè ni obìnrin yìí. ₦40,000 ni ó fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́.” Ó kọ̀, ó sì gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí Èkó.

Owó ọkọ̀ gba ₦20,000. Alábàárù àti owó ọjà gba ₦5,000. Oúnjẹ àti ibi tí ó sùn fún ọjọ́ 2 gba ₦10,000. Nígbà tí ó tà tán, ₦340,000 ni ó wọlé, ṣùgbọ́n ₦35,000 ti jáde. ₦305,000 ni ó ṣẹ́ kù. Nítorí náà ₦5,000 péré ni ó jèrè lórí ohun tí alájàpá fẹ́ fún un, ó sì ti fi oko sílẹ̀ fún ọjọ́ 2. Bí òjò bá pa àpò kan ṣoṣo lójú ọ̀nà, ₦34,000 ti bá omi lọ. ₦271,000 ni yóò mú padà sílé, èyí tí ó fi ₦29,000 dín sí iye tí ó kọ̀ ní oko.

Ṣé olè ni alájàpá nígbà náà? Nínú ìṣírò yìí, kì í ṣe olè. Owó ọkọ̀, owó alábàárù àti ewu òjò ni ó ń gbé. Ṣùgbọ́n kí àgbẹ̀ má ṣe rò pé kò sí ọ̀nà àbáyọ. Bí irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ 10 bá kó ẹrù wọn pọ̀, tí wọ́n háyà ọkọ̀ kan ní ₦120,000, tí wọ́n sì rán ẹnì kan ṣoṣo tọ̀ ọ́ lọ, ₦12,000 ni owó ọkọ̀ yóò jẹ́ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦1,000 ni oúnjẹ àti ibùsùn aṣojú, ₦5,000 sì ni alábàárù àti owó ọjà. ₦18,000 ni yóò jáde dípò ₦35,000, olúkúlùkù yóò sì mú ₦322,000 relé. Kì í ṣe ìbínú ni ó mú ₦22,000 náà wá. Ìṣírò àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ni.

NÍGBÀ TÍ ÌJỌBA ṢÌRÒ

Kì í ṣe àgbẹ̀ nìkan ni ó ń gbàgbé láti ka ohun tí ó wà láàrin oko àti ọjà. Ìjọba amúnisìn ṣe irú àṣìṣe kan náà ní Èkó nígbà ogun àgbáyé kejì, ìtàn rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òwò irè oko mọ̀.

Nígbà tí ogun náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ọmọ ogun àti òṣìṣẹ́ pọ̀ sí i ní Èkó, oúnjẹ sì wọ́n. Ní 1941 ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fi òfin de iye owó oúnjẹ. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí a ń pè ní Ọ̀gágun Pullen ni ó wá di ẹni tí ètò náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni àwọn ará Èkó sì fi ń pe ètò náà. Ìjọba sọ iye tí a gbọ́dọ̀ ta gàrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn, wọ́n sì ṣí ọjà tiwọn níbi tí wọ́n ti ń tà á ní iye náà. Ète wọn kò burú: wọ́n fẹ́ kí tálákà rí oúnjẹ rà.

Àwọn obìnrin ọlọ́jà kò gbà. Olórí wọn ni Ìyá Alimotu Pelewura, tí ń ta ẹja ní ọjà Ereko, tí ó sì jẹ́ olórí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Ọlọ́jà Èkó. Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó mọ òwò. Ohun tí òun àti àwọn obìnrin náà tẹnu mọ́ kò ṣòro láti mọ̀: iye tí ìjọba ní kí wọ́n tà á kò tó iye tí wọ́n rà á ní oko, pẹ̀lú owó tí wọ́n fi gbé e dé Èkó. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé òfin, ojú owó wọn yóò run. Bí wọ́n bá rú òfin, ilé-ẹjọ́ ń dúró dè wọ́n.

Kí ni ó tẹ̀ lé e? Ohun tí ẹnikẹ́ni tí ó mọ ọjà ì bá ti sọ tẹ́lẹ̀. Gàrí kò sí lójú ọjà mọ́. Ó wọ inú ìkọ̀kọ̀ lọ. Àwọn ènìyàn ń tò fún un ní ọjà ìjọba, ọ̀pọ̀ sì ń padà sílé lọ́wọ́ òfo, nígbà tí ẹni tí ó ní owó ń rà á ní òru ní iye tí ó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Tálákà tí a ṣe òfin nítorí rẹ̀ ni ebi pa jù. Ogun parí ní 1945. Nígbà tí ó ṣe, ìjọba pa ètò náà tì. Ìyá Pelewura kú ní 1951, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ ìtàn ìjà náà sínú ìwé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sì ń kà á. Obìnrin tí kò mọ̀wé kà wá di olùkọ́ àwọn tí ó mọ̀wé.

NÍGBÀ TÍ OLÙRÀ BÁ DI Ọ̀KAN

Kí a má ṣe rò pé ọjà kì í rẹ́ àgbẹ̀ jẹ. Nígbà mìíràn ó ń rẹ́ ẹ jẹ ní tòótọ́, akẹ́kọ̀ọ́ òwò sì gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀. Ní 1937, àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè tí ń ra kòkó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe àdéhùn láàrin ara wọn pé àwọn kò ní bá ara wọn du kòkó mọ́, kí iye tí wọ́n ń san má bàa gòkè. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní, di kòkó wọn mú, wọn kò tà á. Ní Èkó, Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Nàìjíríà gbé ohùn sókè sí àdéhùn náà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ìgbìmọ̀ Nowell wá ní 1938 láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, àdéhùn ọ̀hún kò sì dúró.

Ní 1947 a dá àjọ tí ń ta kòkó Nàìjíríà sílẹ̀. Àjọ náà ń san iye kan náà fún àgbẹ̀ ní gbogbo àkókò kan, ó sì ń pa ohun tí ó ṣẹ́ kù mọ́ de ọdún tí ọjà ayé bá burú. Ète dáradára ni. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú owó náà ni àwọn ìjọba wá fi ṣe ohun mìíràn. Ní 1986 a fòpin sí irú àjọ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé nígbà tí olùtà bá pọ̀, tí olùrà sì jẹ́ ọ̀kan, ìbáà ṣe ilé-iṣẹ́ tàbí ìjọba, àgbẹ̀ kò ní ibòmíràn tí yóò yà sí. Alájàpá púpọ̀ lójú ọ̀nà oko sàn fún un ju olówó kan ṣoṣo lọ.

OHUN TÍ ÀGBẸ̀ LÈ ṢE NÍSINSÌNYÍ

Ẹni tí kò lè lọ sí yunifásítì lè kọ́ díẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí ní ilé rẹ̀.

1. Ra ìwé kékeré kan. Kọ gbogbo owó tí ó jáde lórí oko àti ọjọ́ tí ó jáde, kí o sì ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ àti ti àwọn ọmọ rẹ mọ́ ọn.

2. Kí o tó tà, béèrè iye tí ọjà ń lọ ní ibi 2 tàbí 3, kì í ṣe lẹ́nu alájàpá kan.

3. Má ṣe ta gbogbo irè nígbà ọ̀pọ̀. Gàrí tí a yan gbẹ dáradára, tí a jẹ́ kí ó tutù kí a tó dì í, tí a sì gbé sórí pákó kúrò nílẹ̀ tútù, lè dúró de ìgbà ọ̀wọ́n. Tòmátì kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Wá olùrà rẹ̀ kí o tó ká a.

4. Darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí ẹ sì máa ka ìwé owó yín ní gbangba, nítorí ibi tí ìṣírò bá ti di àṣírí ni ìfura ti ń wọlé.

5. Bí ọmọ rẹ bá fẹ́ràn ìṣírò àti oko, má ṣe sọ fún un pé ìwé kò sí fún irú rẹ̀. Kí ó múra sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣírò, kẹ́místírì, àti bàọ́lọ́jì tàbí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíríámà. Kí ó sì béèrè lọ́wọ́ yunifásítì tí ó yàn nípa ìyókù.

Nígbà tí ọmọ náà bá sì dé fún ìsinmi, kí bàbá rẹ̀ fi ìwé owó oko lé e lọ́wọ́ kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn èyí, kí ó bá alájàpá ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ dé Èbúté Èrò ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí ó dúró ti ẹrù, kí ó sì gbọ́ bí a ti ń ná ọjà. Bí iye tí ó kọ́ nínú ìwé kò bá bá iye tí ó rí lẹ́bàá omi mu, kí ó tún un ṣírò, kí ó sì wá ohun tí ó gbàgbé láti kà.