Ṣé Kí N Da Kásẹ́ẹ̀tì Bàbá Mi Nù?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi ní láíbìrì, bàbá mi ti dolóògbé, páálí ńláńlá tó kún fún kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Ti fídíò wà níbẹ̀, ti rédíò náà wà níbẹ̀. A rí fíìmù Ti Olúwa Nilẹ̀ nínú rẹ̀, a rí eré orí tẹlifíṣàn, ìròyìn, àti ìnáwó ẹbí. Àwọn ọmọ mi ní gbogbo rẹ̀ ti wà lórí YouTube, pé eruku lásán la ń kó jọ. Ẹ̀rọ tí a fi ń wò ó ti bàjẹ́, ìyá mi sì ti fàáké kọ́rí pé a kò gbọ́dọ̀ dà á nù. Kí ni kí n ṣe?
Ọmọ Oníkásẹ́ẹ̀tì, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da páálí wọ̀nyẹn nù. Ìyá yín mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Àwọn ọmọ yín kò kúkú purọ́. Ohun púpọ̀ ló wà lórí YouTube, èmi náà sì máa ń wò ó lálẹ́. Inú mi a máa dùn tí mo bá rí ọmọ ogún ọdún tó ń rẹ́rìn-ín sí eré tí wọ́n ti ṣe kí wọ́n tó bí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlòmíràn ni nǹkan wọ̀nyí wà. Ọjọ́ tí onítọ̀hún bá tilẹ̀kùn, ó parí nìyẹn. Ní 2009, Yahoo pa GeoCities, níbi tí àìmọye èèyàn ti ní ojú ewé àkọ́kọ́ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2019, MySpace jẹ́wọ́ pé orin tí àwọn èèyàn ti kó síbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 12 ti sọnù níbi tí wọ́n ti ń kó wọn láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Olórin tí kò ní ẹ̀dà nílé, orin tirẹ̀ lọ nìyẹn. Nígbà tí 2020 parí, tí ilé-iṣẹ́ Adobe kò tọ́jú Flash, ètò tó ń mú géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́, mọ́, ọ̀pọ̀ géèmù tí àwọn ọmọ ń fowó ìsinmi gbá ní káfè kò ṣí mọ́.

Íntánẹ́ẹ̀tì tún fẹ́ràn èérún ju odindi lọ. Ẹ wo ojú Osita Iheme àti Chinedu Ikedieze, àwọn méjì tó ṣe fíìmù Aki na Ukwa ní 2002. Ojú wọn ti di àwòrán àwàdà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti Èkó dé Brazil, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń fi í ránṣẹ́ lè má gbọ́ orúkọ fíìmù náà rí. N kò rí ibi nínú rẹ̀. Eré tí wọ́n ń gé lékìrí lékìrí báyìí, ó ṣì wà lẹ́nu aráyé. Àmọ́ iṣẹ́ tiwa ni láti béèrè ibi tí odindi rẹ̀ wà, àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀.

Ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé irú ọ̀rọ̀ yín wá. Ní 1963, BBC bẹ̀rẹ̀ eré kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ Doctor Who. Téèpù wọ́n gógó nígbà náà, kò sì sí ẹ̀rọ fídíò nínú ilé àwọn èèyàn, nítorí náà kò sẹ́ni tó rò pé ẹnikẹ́ni á tún fẹ́ wo eré àná. Wọ́n ń pa ohun tó wà lórí téèpù rẹ́ kí wọ́n lè fi gba òmíràn. Báyìí ni ọ̀pọ̀ nínú apá àkọ́kọ́ eré náà ṣe di àwátì. Kí wọ́n tó pa wọ́n rẹ́ ṣá, wọ́n ti ṣe ẹ̀dà wọn sórí fíìmù, wọ́n sì ti tà wọ́n fún àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn òkè òkun, Nàìjíríà náà wà lára wọn. Ní 2013, BBC kéde pé wọ́n ti rí apá mẹ́sàn-án tó ti sọnù nínú àwọn tí wọ́n ṣe ní 1967 àti 1968. Jos ni wọ́n ti rí wọn! Philip Morris, ọkùnrin kan tó ń wá eré àtijọ́ kiri, ló bá wọn nínú yàrá ìkẹ́rùsí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan níbẹ̀. Ohun tí àwọn tó ni ín dà nù ní Lọ́ńdọ̀nù ni ìlú Jos bá wọn pa mọ́.

Èyí tó tún wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú ìtàn yìí ni ti àwọn ọmọdé. Nígbà tí eré náà ń lọ lọ́wọ́, àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú tẹlifíṣàn nílé wọn, tí wọ́n ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìfẹ́ lásán. Nítorí tiwọn, gbogbo apá tí àwòrán rẹ̀ ti sọnù ni ohùn rẹ̀ ṣì wà títí dòní. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni bàbá yín, àbúrò mi.

Lójú tèmi, fíìmù kọ́ ló ṣe iyebíye jù nínú páálí yẹn. Ọdún 1993 ni Túndé Kèlání gbé Ti Olúwa Nilẹ̀ jáde, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà nílé ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n ìròyìn alẹ́ ọjọ́ kan, ìpolówó ọṣẹ tó já lu eré láàárín, ìkéde òkú lórí rédíò, ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń dúró dè, ta ló tún ní in? Ìnáwó ẹbí ńkọ́? Ẹ ó rí bí wọ́n ṣe ń wé gèlè lọ́dún náà, ẹ ó gbọ́ oríkì lẹ́nu ìyá àgbà tó ti lọ. Ó sì ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ ohùn bàbá fúnra wọn lẹ́yìn kámẹ́rà.

Àmọ́ ẹ tètè ṣe é. Téèpù kì í dúró de èèyàn. Ike tín-ín-rín ni, ìyẹ̀fun irin tí wọ́n fi àtè lẹ̀ mọ́ ọn ló sì gbé àwòrán àti ohùn ró. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa a máa ba àtè náà jẹ́, èbu funfun a sì máa hù sí i. Ẹ̀rọ tí a fi ń wò ó pàápàá ń tán lọ: Funai ti Japan, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é gbẹ̀yìn, ṣíwọ́ ní 2016.

Ẹ gbé páálí kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó ń tutù. Ẹ to kásẹ́ẹ̀tì náà lóòró, níbi tí oòrùn kò dé, kó jìnnà sí ẹnu sípíkà, nítorí mágnẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀. Èyí tí èbu bá ti mú, ẹ má fi sẹ́nu ẹ̀rọ rárá, nítorí yóò kó bá ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì tún kó o ran èyí tó mọ́. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n nù. Àwọn onífídíò àtijọ́ tí wọ́n ń ká òde àríyá sílẹ̀ ṣì wà, àwọn míì ṣì ní ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì lè bá yín gbà á sórí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ sùúrù ni: kásẹ́ẹ̀tì wákàtí méjì, wákàtí méjì ni yóò gbà. Tó bá parí, ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan wà nílé ẹlòmíràn. Ẹ má fi sórí fóònù nìkan.

Ẹ má fi fíìmù olówó sórí YouTube o. Kí ẹ tọ́jú tiyín sílé jẹ́ nǹkan ọ̀tọ̀, kí ẹ pín in fáráyé jẹ́ nǹkan ọ̀tọ̀. Bàbá Sàlá aláwàdà fi owó ńlá ṣe fíìmù Ọ̀run Mooru ní 1982, àwọn olè jí ẹ̀dà rẹ̀ tà káàkiri, gbèsè sì wọ ọkùnrin náà lọ́rùn. Inú mi ṣì máa ń bàjẹ́ tí mo bá rántí rẹ̀.

Iṣẹ́ tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ ló kù, òun ló sì ń sá lọ jù. Ẹ mú ìwé àti bírò, ẹ bá ìyá yín jókòó. Òde ta ni èyí? Ọdún wo? Ta ni obìnrin tó dúró lápá òsì? Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi nọ́ńbà kan náà sára kásẹ́ẹ̀tì àti sínú ìwé. Mo ti rí fídíò tó mọ́ kedere tí kò sẹ́ni tó dá ojú kan mọ̀ nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tí láíbìrì lè fi ṣe.

Tí ẹ bá wá fẹ́ fún láíbìrì yunifásítì tàbí ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní eré orí ìtàgé ní díẹ̀ lára rẹ̀, àkọsílẹ̀ yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn wọ́n, kí wọ́n lè sọ èyí tí wọn kò ní. Ti ẹbí, kó wà lọ́dọ̀ yín. Níbi kásẹ́ẹ̀tì tí ìyá yín bá kọ́kọ́ nawọ́ sí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.