Ààrò Gáàsì Tàbí Ààrò Iná Mànàmáná: Èwo Ni Kí Oníkéèkì Rà?

Ní Ìpatà, ní ìlú Ìlọrin, níbi tí àwọn alápatà ti ń ta ẹran tí àwọn ìyá sì ń pàtẹ ata, ẹni tí ó bá mọ kéèkì yan kì í wá oníbàárà tì. Ààrò ni ìṣòro rẹ̀. Kí a fi obìnrin kan ṣe àkàwé, tí ó ti ń fi ìkòkò oníyanrìn yan kéèkì lórí iná èédú láti ọjọ́ pípẹ́, tí ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó owó àjọ rẹ̀. Owó náà kò lè ra ju ààrò kan lọ. Bí ó bá ra èyí tí kò yẹ, owó òwò ti wọlẹ̀ nìyẹn, àwọn tí wọ́n sì ti san àsansílẹ̀ fún kéèkì ìsọmọlórúkọ yóò máa wo ọ̀nà.

Bí a bá ní kí á wo iṣẹ́ yíyan nìkan, ààrò iná mànàmáná ni ó ta èkejì yọ. Irin tí ń gbóná wà lókè, òmíràn wà nísàlẹ̀, ooru a sì kárí. Nígbà tí ó bá gbóná tó bí a ti fẹ́, òun fúnra rẹ̀ yóò dá iná dúró, yóò sì tún gbà á nígbà tí ó bá ń tutù. Ooru rẹ̀ gbẹ, ojú kéèkì a sì pọ́n dáradára. Ti gáàsì yàtọ̀. Bí gáàsì ti ń jó ni ó ń mú ooru omi jáde, èyí tí kì í jẹ́ kí búrẹ́dì tètè gbẹ. Ṣùgbọ́n nínú púpọ̀ àwọn ààrò gáàsì tí owó wọn kò pọ̀, ìsàlẹ̀ nìkan ni iná wà, ìdí kéèkì a sì máa dúdú kí ojú rẹ̀ tó pọ́n. Ẹni tí ó bá gbé páànù sí àárín gbùngbùn, tí ó sì yí i padà lẹ́ẹ̀kan nígbà tí kéèkì bá ti dì, yóò bọ́ lọ́wọ́ èyí.

Ẹ̀wẹ̀, kéèkì kì í dúró de iná. Bí iná bá lọ nígbà tí kéèkì ti lo ogún ìṣẹ́jú nínú ààrò, àárín rẹ̀ yóò rì, kò sì sí ohun tí yóò tún gbé e dìde. Àwọn kan rò pé ará Ìlọrin ni ó yẹ kí ó ní iná jù, nítorí pé ìsédò Kàínjì, tí a ṣí ní ọdún 1969, àti ti Jẹ́bà, tí a ṣí ní ọdún 1985, kò jìnnà sí wọn lórí Odò Ọya. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú okùn ńlá kan náà tí ó gba gbogbo orílẹ̀-èdè kọjá ni iná wọ̀nyí ń wọ̀, ibẹ̀ ni a sì ti ń pín in.

Àwọn oníbàárà tí a pè ní Band A ni a ṣèlérí fún pé wọn yóò rí iná fún 20 wákàtí ó kéré tán lójúmọ́. Ti Band B jẹ́ 16, ti Band C jẹ́ 12, ti Band D jẹ́ 8, ti Band E sì jẹ́ 4. Síbẹ̀, ìlérí 20 wákàtí kò sọ ìgbà tí mẹ́rin tí ó kù yóò bọ́ sí. Nítorí náà, kí obìnrin yìí tó ná kọ́bọ̀ kan, kí ó mú ìwé kékeré, kí ó sì fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ìgbà tí iná dé àti ìgbà tí ó lọ, pàápàá ní àwọn wákàtí tí òun máa ń yan nǹkan.

Kí ó kíyèsí bí iná náà ti lágbára tó pẹ̀lú. Ààrò tí a ṣe fún 230 fóltì, bí ó bá gba 160 péré ní ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń lo iná, ooru rẹ̀ kò ní tó ìdajì. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbẹ́kẹ̀ lé jẹnẹrétọ̀ kékeré tí agbára rẹ̀ kò tó kílówáàtì kan, nítorí ààrò kan lè gba kílówáàtì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti owó, ìṣirò kò ṣòro. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó yúnìtì kan fún Band A sí 225 náírà. Bí ààrò bá jẹ yúnìtì kan àti ààbọ̀ ní wákàtí kan, náírà 337 àti ààbọ̀ ni. Ààrò gáàsì tí agbára rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì méjì àti ààbọ̀ yóò jó nǹkan bí ìdá márùn-ún kílò kan ní wákàtí kan bí a bá ṣí i tán. Ní iye ti ọdún 2024 yìí, bí kílò gáàsì kò bá tó nǹkan bí 1,690 náírà, gáàsì ni ó dín owó. Iye méjèèjì a máa yí padà. Kí a wo ti ọ̀sẹ̀ tí a wà kí a tó ṣírò.

Bí ìwé kékeré náà bá fi hàn pé iná kò ṣeé gbọ́kàn lé, kí obìnrin wa ra ti gáàsì, bí ojú kéèkì tilẹ̀ máa pọ́n díẹ̀ kù. Ààrò kan wà tí ó ní gáàsì nísàlẹ̀ àti irin iná mànàmáná lókè. Bí owó àjọ bá ká a, èyí yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn, nítorí bí iná lọ, gáàsì yóò parí iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n gáàsì fẹ́ ìṣọ́ra. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá ń jò, ilẹ̀ ni ó máa ń sùn sí, láìjẹ́ pé a rí i. Òórùn burúkú tí a ń gbọ́ kì í ṣe tirẹ̀, a fi sí i ni, kí a lè mọ̀ pé ó ń jò. Ìta ni kí ìgò gáàsì wà, kí ó dúró ṣánṣán. Kí a kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn ààrò, kí a ṣá ìṣáná, kí a tó ṣí gáàsì. Nígbàkígbà tí a bá pààrọ̀ ìgò, kí a fi omi ọṣẹ pa ẹnu rẹ̀ àti rọ́bà rẹ̀. Bí ó bá ń hó, ó ń jò: kí a ti ẹnu ìgò pa, kí a ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí a má ṣe tan iná mànàmáná, kí a má sì ṣe pa èyí tí ó ti wà ní títàn, títí òórùn náà yóò fi lọ.