Ọjà Yàtọ̀ sí Agbo Ilé

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìlọrin lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo yóò rí i ní Gánmọ̀: òpó irin gàgàrà tó tò tẹ̀lé ara wọn, tí wáyà iná ńlá wà lórí wọn, tí wọ́n forí lé ibùdó ìpín-iná tí wọ́n fi orúkọ ìlú náà pè. Òpó wọ̀nyí ni mo fi ń dáhùn nígbàkigbà tí wọ́n bá bi mí pé kí ló ya 'ayélujára' sọ́tọ̀ sí 'ìtàkùn'. Wáyà tó ń kọjá lókè kọ́ ni fìríìjì obìnrin tó ń ta omi tútù lẹ́bàá títì. Wáyà ń gbé iná wá. Ohun tí oníkálùkù fi iná náà ṣe, ọ̀tọ̀ ni. Ayélujára ni wáyà. Ìtàkùn jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó ń gba orí rẹ̀ kọjá: ojú-ewé tó so kọ́ ojú-ewé mìíràn, bí ìtàkùn inú igbó ṣe ń ti orí igi kan bọ́ sórí òmíràn. Ayélujára ti wà kí Tim Berners-Lee tó dábàá ìtàkùn lọ́dún 1989 ní CERN, ibùdó ìwádìí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kan nílẹ̀ Switzerland. Ní ọjọ́ 30 Oṣù Kẹrin 1993, CERN yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, 'ẹ̀rọ ayélujára' tí a ń gbọ́ lórí rédíò kò bá etí mi mu. Ẹ̀rọ ni fóònù, ẹ̀rọ ni kọ̀ǹpútà. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀: ayé lu jára, ibì kan lu já sí ibòmíràn, ẹni tó wà ní Èsìẹ́ ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ ní London. Ẹ kàn wí pé 'lórí ayélujára'.

Àṣìlò tó ń dùn mí jù kì í ṣe èyí. Òun ni bí a ṣe ń pe gbogbo ibi tí èèyàn ti ń pàdé níbẹ̀ ní orúkọ kan náà, 'ojú òpó', tàbí kí a tilẹ̀ pe gbogbo rẹ̀ ní Facebook. Yorùbá kì í pe ọjà ní agbo ilé. 'Ayé lọjà, ọ̀run nilé': àwọn baba wa ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́. Ní ọjà, a máa ń pàtẹ. Ìṣọ̀ tí a pàtẹ sí kì í ṣe tiwa, ẹni tó ni ín lè tì í nígbà tó bá wù ú. Ní agbo ilé, a máa ń jókòó ni. Baálé wà níbẹ̀, a mọ orúkọ ara wa, a sì máa ń gbèrò ọ̀rọ̀ kó tó jáde sí ìta.

Facebook, ọjà ni. Twitter tó ti di X báyìí, ọjà ni. Láti Oṣù Kẹfà 2021 títí di Oṣù Kínní 2022 tí ìjọba Nàìjíríà fi ti Twitter pa, ẹni tí kò níbòmíràn tó ti ń sọ̀rọ̀ dákẹ́. Ní ọjọ́ 4 Oṣù Kẹwàá 2021, Facebook, Instagram àti Wasaapu kú pa pọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́fà, kò sì sí ẹni tó lè fi ìkéde ìpàdé ìdílé ránṣẹ́ sínú gúrúùpù. Àwa ọmọ Ìgbómìnà fẹ́ràn gúrúùpù Wasaapu púpọ̀, a sì ń pè é ní 'ilé wa'. Mo bẹ̀ yín, ayálégbé ni wá níbẹ̀. Ẹni tó ń bójú tó gúrúùpù ń ṣe iṣẹ́ baálé lóòótọ́, àmọ́ ilé náà kì í ṣe tirẹ̀.

Kí wá ni ká pe ibi kékeré tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ lórí ayélujára? 'Aládàáni' kò bá a mu, iléeṣẹ́ ńlá náà jẹ́ ti aládàáni. 'Adáwà' ní ìbànújẹ́ nínú. 'Adádúró' ni mo fara mọ́, ibi tó ń dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àdírẹ́sì rẹ̀ sì ni 'ojúlé', ọ̀rọ̀ tí a ti ń lò fún ẹnu ọ̀nà ilé ẹni kí ayélujára tó dé. Ẹ fi 'ojú òpó' sílẹ̀ fún ìta gbangba tí gbogbo ayé ń kọjá. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá lórí ayélujára lọ́dún 2015 kò lọ gba ìṣọ̀ lọ́jà ẹnikẹ́ni. Wọ́n dá ojúlé tiwọn sílẹ̀. Nairaland, ibi ìjíròrò tí Seun Osewa dá sílẹ̀ ní Oṣù Kẹta 2005, ti tóbi tó ọjà báyìí, ṣùgbọ́n ọjà ìlú wa ni, ojú-ewé rẹ̀ sì fúyẹ́ débi pé fóònù kékeré lè ṣí i.

Mo ní ó 'fúyẹ́', n kò ní ó 'rọrùn'. Ohun tó rọrùn kò le láti ṣe. Ohun tó fúyẹ́ kò wúwo láti gbé. Ojú-ewé tó kún fún fídíò àti ìpolówó lè rọrùn láti lò, síbẹ̀ kó jẹ dátà ẹni tán. Àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Lọ́dún 1991, yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà gbé Gopher jáde, ọ̀nà kan láti ka nǹkan lórí ayélujára, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán tí a tò bí àkójọ. Ẹranko inú ihò tó jọ òkété wa ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Lọ́dún 2019 ni Gemini tẹ̀lé e, orúkọ tó túmọ̀ sí Èjìrẹ́: ojú-ewé rẹ̀ kì í dédé gbé àwòrán wọlé, kì í sì í ṣọ́ ẹni tó ń kà á.

Ohun kan wà nínú Èjìrẹ́ yìí tó kan àwa gan-an. Nígbà tí Gopher dé, ìlànà ASCII tó gbòde kò mọ̀ ju àmì 128 lọ, ẹ, ọ àti ṣ kò sì sí níbẹ̀. Ìlànà UTF-8 tó gba lẹ́tà gbogbo èdè ni Gemini fi bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé ibi tó fúyẹ́ jù lọ yìí gba ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ láìda ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì. Àwa tí a ní fóònù olówó ńlá lọ́wọ́ la ṣì ń kọ 'oko' fún gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Àwọn tí a ò rí rí, tí wọ́n kàn tẹ bọ́tìnì kan lórí Facebook láti di 'ọ̀rẹ́' wa, kì í ṣe ọ̀rẹ́. Yorùbá ní 'ojúlùmọ̀', ẹni tí ojú mọ̀, ẹni tí a kò sì tíì rí lójúkojú kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. 'Ará ọjà' ló yẹ irú wọn.

Ìtàn tí wọ́n sọ fún àwa ọmọ Ìgbómìnà ni pé àdá Ọ̀ràngún, baba ńlá wa, ló fún wa lórúkọ, ogbó tó mọ̀nà, tó ń la igbó fún un. Bí ìdílé yín ní Gánmọ̀, ní Òmù-Àrán tàbí níbikíbi bá ti la ojúlé tirẹ̀ lórí ayélujára, ẹ kọ orúkọ agbo ilé náà sí i lókè, kí àmì rẹ̀ pé, kí ẹ sì kọ 'Ẹ yà sílé' síbẹ̀.