Gẹ̀gẹ̀ Ìyá àti Ọmọ Inú Oyún

Bíbélì kíkà: Orin Dáfídì 139:13–16

Ẹ jẹ́ kí a ka ẹsẹ wọ̀nyí dáadáa. Dáfídì jẹ́wọ́ pé Ọlọ́run mọ òun kí a tó bí òun. Lónìí, àwọn dókítà náà ń rí díẹ̀ nínú ohun tó wà nínú oyún, wọ́n sì lè tọ́jú ọmọ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ kan àwa tí gẹ̀gẹ̀ ti ṣe rí.

Ẹran kékeré kan wà níwájú ọ̀fun wa tó rí bí labalábá. Táyírọ́ìdì ni wọ́n ń pè é. Ohun tó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tó ń mú kí ọpọlọ ọmọ dàgbà. Ti ọmọ inú kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12; ti ìyá rẹ̀ ló ń lò kó tó dìgbà náà. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n ti ń fún ní oògùn levothyroxine kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí pé ó lóyún. Àní dókítà sábà máa ń fi kún un ni.

Ibi tí a ti máa ń ṣìṣe nìyí. Arábìnrin kan ti ṣe iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ó ti fi ìlẹ̀kẹ̀ bo àpá rẹ̀, ó gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán, kò sì ní dárúkọ rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì ní kílíníìkì aláboyún. Ìtìjú wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ẹnu tiwa náà kì í dákẹ́ lórí onígẹ̀gẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àìsàn Graves ló fà á, ohun tó ń ru táyírọ́ìdì sókè ṣì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kó gba inú ibi ọmọ kọjá, kó sì máa ru ti ọmọ sókè. Ara ìyá le, ọmọ inú rẹ̀ ń ṣàìsàn.

Bí nọ́ọ̀sì bá mọ̀, wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá wò, wọn yóò sì fi sikáànì wo ọmọ. Bí ọkàn ọmọ bá ń lù ju ìgbà 160 lọ ní ìṣẹ́jú kan láìdẹwọ́, tí kò dàgbà bó ṣe yẹ, tàbí tí ọ̀fun rẹ̀ wú, ó lè jẹ́ àmì. Ìyá ni yóò lo oògùn, oògùn náà yóò sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Bó bá pọ̀ jù, ó lè mú kí iṣẹ́ táyírọ́ìdì ọmọ rẹlẹ̀ jù, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè wá padà léraléra fún àyẹ̀wò. Bí ti ọmọ bá rẹlẹ̀ tí gẹ̀gẹ̀ rẹ̀ sì tóbi, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ gba ikùn ìyá fi levothyroxine sínú omi tó yí ọmọ ká, ọmọ a sì máa gbé e mì. Láti 1980 ni ìtọ́jú yìí ti wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn dókítà, àmọ́ ilé ìwòsàn ńlá ló ń ṣe é, ìwọ̀nba ọmọ ló sì nílò rẹ̀.

Lẹ́yìn ìbí, kí ìyá bẹ́ẹ̀ béèrè pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, kó má sì dúró de ìgbà tí àmì yóò hàn. Ọmọ tí táyírọ́ìdì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ oògùn láàárín ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́.

Fún ìjíròrò: Kí ló ń dí wa lọ́wọ́ láti sọ àìsàn àtijọ́ fún nọ́ọ̀sì? Ta ni nínú ẹgbẹ́ wa tí a lè bá lọ sí kílíníìkì?