Ọ̀nà Tó Parọ́rọ́ Kì Í Ṣe Ọ̀nà Tó Dá Páropáro: Gígun Kẹ̀kẹ́ fún Ìlera ní Bwari

Àwọn onímọ̀ ìlera fẹnu kò pé gígun kẹ̀kẹ́ ológeere wà lára àwọn eré ìdárayá tó ń ṣe ara lóore jùlọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹsẹ̀ tó ń wa kẹ̀kẹ́ nìkan ló ń pinnu èrè tí ènìyàn yóò jẹ níbẹ̀. Irú ọ̀nà tí ó ń gbà ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Bwari, ní ìhà àríwá ìlú Àbújá, níbi tí òkè àti àpáta yí ilẹ̀ ká, tí abúlé àwọn Gbagyi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tuntun àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, yíyan ọ̀nà fún kẹ̀kẹ́ gba àròjinlẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tó gbé jáde ní ọdún 2020, dábàá pé kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá ìwọ̀nba fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, tàbí èyí tó gba agbára fún ìṣẹ́jú 75 sí 150. Ìdajì wákàtí lórí kẹ̀kẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ ti kájú ìwọ̀n àkọ́kọ́. Bí iṣan itan àti ẹsẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, wọn a máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lò. Èyí ló mú kí kẹ̀kẹ́ wúlò fún ìdènà àrùn àtọ̀gbẹ. Bí ọkàn bá sì ń ṣe iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ déédéé, agbára rẹ̀ a pọ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ ríru a sì máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Yàtọ̀ sí eré sísá, ìjókòó kẹ̀kẹ́ ló ń gbé ọ̀pọ̀ ìwúwo ara, nítorí náà ẹni tí orúnkún ń dùn tàbí tó sanra lè gùn ún láìní ìrora púpọ̀.

Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí Yunifásítì Glasgow gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn ènìyàn tó lé ní 260,000 ní Bìrìtéènì. Wọ́n rí i pé iye ikú láàárín àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ fi ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tó ń wọ ọkọ̀ lọ. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò fi hàn dájú pé kẹ̀kẹ́ nìkan ló fa ìyàtọ̀ náà, nítorí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lè jẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ oúnjẹ rẹ̀ tí kò sì mu sìgá. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ náà tóbi ju ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn lọ.

Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Òun ni àwọn olùkọ́, àwọn katikíìsì, àwọn tó ń ra kòkó àti àwọn adẹ́mu ń gùn láti abúlé dé abúlé kí alùpùpù tó gbòde. Nígbà tí alùpùpù dé ni ọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka kẹ̀kẹ́ sí nǹkan aláìní, èrò tí kò bá ìmọ̀ ìṣègùn mu rárá.

Ìdí tí ọ̀nà fi ṣe pàtàkì

Ewu méjì ló wà ní títì ńlá. Èkíní ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2023, nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 1.19 ni ìjàǹbá ojú pópó ń pa lọ́dún ní gbogbo àgbáyé, àwọn ẹlẹ́sẹ̀, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ àti ọlọ́kadà sì lé ní ìdajì wọn. Àjọ náà tún ṣàlàyé pé bí eré tí àwọn ọkọ̀ ń sá ní ojú ọ̀nà kan bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ewu ìjàǹbá tó ń gbẹ̀mí ènìyàn níbẹ̀ a fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin pọ̀ sí i. Èkejì ni èéfín. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ń mí jinlẹ̀, ó sì ń mí léraléra ju ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ lọ, nítorí náà èéfín dísù tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ pọ̀. Bí ó bá kúrò ní títì, tó gba ọ̀nà mìíràn tí kò jìnnà síbẹ̀, èéfín yóò dín kù púpọ̀.

Ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje Tour de France láti ọdún 1903, ni ọ̀pọ̀ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ àgbáyé fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Ohun tó mú kí ìgbèríko wọn tu ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ lára kò ṣòro láti lóye. Wọ́n ní ọ̀nà kéékèèké ọlọ́dà tó so abúlé mọ́ abúlé, tó sì pọ̀ bí ewé. Àwọn ọkọ̀ tó ń rìn jìnnà ti kó lọ sí òpópónà márosẹ̀, ó ku katakata àgbẹ̀ àti ọkọ̀ àwọn ará abúlé fún ọ̀nà kéékèèké. Òfin wọn pàṣẹ pé kí awakọ̀ fi mítà kan àti ààbọ̀ sílẹ̀ láàárín òun àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tó bá fẹ́ yà sílẹ̀ lẹ́yìn odi ìlú. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2018, ìjọba wọn tún dín eré ojú ọ̀nà púpọ̀ ní ìgbèríko kù láti kìlómítà 90 sí 80 ní wákàtí kan.

Bwari kò ní ìlànà wọ̀nyí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gun kẹ̀kẹ́ bí ẹni pé ó ní wọn. Ojú ọ̀nà tó ti Kubwa gba Dutse kọjá lọ sí ìlú Bwari kì í ṣe ọ̀nà tó parọ́rọ́: akérò, takisí, ọ̀kadà àti akẹ́rù ló kún ibẹ̀, pàápàá nítorí pé Bwari ni olú iléeṣẹ́ àjọ JAMB àti ilé ẹ̀kọ́ àwọn amòfin wà. Òpópónà márosẹ̀ tó gba Kubwa lọ sí Kaduna burú jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Àwọn ọ̀nà tó yà kúrò lára títì ni ó yẹ kí ènìyàn wò: àwọn òpópó inú àdúgbò, àti ọ̀nà inú Ushafa, ìlú àwọn amọ̀kòkò tí Ààrẹ Bill Clinton ti Amẹ́ríkà bẹ̀ wò ní oṣù Ògún ọdún 2000, tí kò jìnnà sí ìdídò omi Usuma tó ń pèsè omi fún Àbújá.

Parọ́rọ́ àti páropáro

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì tó jọra létí, tí ìtumọ̀ wọn sì jìnnà síra. Ibi tó parọ́rọ́ ní àlàáfíà. Ibi tó dá páropáro kò ní ẹ̀dá kankan. Ní ìgbèríko Faransé, àwọn méjèèjì lè jẹ́ ọ̀kan náà fún ẹlẹ́kẹ̀kẹ́, kò sì sí ohun tí yóò ṣe é. Ní Bwari, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, àwọn ajínigbé wọlé kó ìdílé kan ní Bwari, wọ́n sì pa ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kí wọ́n tó tú àwọn yòókù sílẹ̀. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ nínú ilé, ẹni tó ń dá gun kẹ̀kẹ́ lọ sínú igbó ní ìdájí ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu.

Nítorí náà, ọ̀nà tó dára ní Bwari ni èyí tí ọkọ̀ kò pọ̀ níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí ènìyàn wà: àwọn àgbẹ̀ tó ń lọ sóko, àwọn ọmọ ilé ìwé, àwọn tó pàtẹ ọjà sẹ́bàá ọ̀nà. Bí ojú ọ̀nà bá ṣàdédé ṣófo, kí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ṣẹ́rí padà. Kí ó lọ pẹ̀lú ẹni méjì tàbí mẹ́ta, kí ó sọ ọ̀nà tó ń gbà àti àkókò tí yóò dé fún àwọn ará ilé, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ olórí abúlé tàbí àwọn ọlọ́kadà àdúgbò bí ọ̀nà ti rí lọ́sẹ̀ náà. Fún àwọn abúlé tó jìnnà sí ìlú, bíi Kawu àti Igu, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló yẹ kí ènìyàn gbára lé, kì í ṣe àwòrán ilẹ̀ orí fóònù.

Ọ̀nà tó rọrùn láti dá ọ̀nà mọ̀ wà. Kí ènìyàn fẹsẹ̀ rìn ín lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kan náà tó ń gbèrò láti gun kẹ̀kẹ́. Kí ó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó ka ọkọ̀ tó kọjá, kí ó sì ka akẹ́rù lọ́tọ̀. Kí ó wo etí ọ̀dà: bí òjò bá ti gbẹ́ ẹ, tó sì ga ju ilẹ̀ lọ, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ kò ní rí ibi yà sí nígbà tí ọkọ̀ bá sún mọ́ ọn. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa, máa ń rọrùn. Ọjọ́ ọjà kì í rọrùn. Àwọn obìnrin Gbagyi kì í ru ẹrù sórí, èjìká ni wọ́n ń gbé e lé, igi ìdáná wọn sì lè gba ojú ọ̀nà. Ó yẹ kí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ lu aago láti òkèèrè, kí ó kí wọn, kí ó sì rọra kọjá.

Ara àti kẹ̀kẹ́

Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fi ìṣẹ́jú 10 sí 15 mọ, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ó tó máa fi kún un. Ìwọ̀n tó yẹ ni kí ènìyàn lè sọ̀rọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ṣùgbọ́n kí ó má lè kọrin. Ilẹ̀ Bwari ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn sọ̀kalẹ̀ kí ó ti kẹ̀kẹ́ gun òkè. Ìjókòó tó bá lọ sílẹ̀ jù ló sábà máa ń dá orúnkún lóró. Bí gìgísẹ̀ bá wà lórí ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, tí ìyẹn sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó yẹ kí ẹsẹ̀ nà tán. Bíréèkì méjèèjì gbọ́dọ̀ mú. Akoto sì ṣe pàtàkì fún àgbà àti ọmọdé, nítorí ó ń dín ìpalára orí kù púpọ̀ bí ènìyàn bá ṣubú.

Láti oṣù Èrèlé sí Igbe, ooru a máa mú gan-an, nítorí náà kí ènìyàn ti padà sílé kí oòrùn tó gbóná, kí ó sì gbé omi dání. Ní àkókò ọyẹ́, eruku lè ta ikọ́ fée jí. Kí ẹni tó ní in mú oògùn fífà símú rẹ̀ dání, kí ó sì jókòó sílé lọ́jọ́ tí eruku bá bo òkè mọ́lẹ̀. Kí ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ fi súwíìtì tàbí ṣúgà sápò, nítorí ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ládìde kò gbọ́dọ̀ lo ara wọn dé góńgó, òùngbẹ kò sì gbọ́dọ̀ gbẹ wọ́n. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tàbí tó ní àìsàn ọkàn ní láti rí dókítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí àyà bá ń fún ènìyàn lórí kẹ̀kẹ́, bí òòyì bá ń kọ́ ọ, tàbí bí èémí rẹ̀ kò bá délẹ̀ mọ́, kí ó dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ jù, ti Bwari tàbí ti Kubwa.